Abraham Lincoln: Ọmọ Ahéré Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Òmìnira

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ará ilé wa, kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Síbẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Abraham Lincoln ni, Ààrẹ kẹrìndínlógún ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan gbé e ga débi pé, lójú tiwọn, òun nìkan ṣoṣo ló já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹrú. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n ní ogun ló fipá mú un ṣe é, pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú kò ká a lára rárá. A ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ìhà kankan ṣe sọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọdún 1809, ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Kentucky, nínú ahéré oníyàrá kan tí wọ́n fi ìtì igi kọ́. Thomas Lincoln, àgbẹ̀ tó tún ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ni bàbá rẹ̀. Nancy Hanks ni ìyá rẹ̀. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Abraham, tí àwa ń pè ní Ibrahim. Kentucky jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún méje, ní 1816, bàbá rẹ̀ kó wọn lọ sí Indiana, níbi tí òfin kò ti gba ẹrú láyè. Ọ̀rọ̀ ẹrú wà lára ohun tó lé bàbá náà kúrò ní Kentucky, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú igbó kìjikìji ni wọ́n bọ́ sí. Àáké ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi tó ẹni ọdún mẹ́tàlélógún.

Ní 1818, ìyá rẹ̀ kú. Àìsàn kan wà nílẹ̀ náà nígbà yẹn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ewé olóró kan ló wà nínú igbó. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, oró náà á wọ inú wàrà rẹ̀, ẹni tó bá sì mu wàrà náà lè má rí ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó pa Nancy Hanks nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Abraham. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló la pákó pósí, wọ́n sì ní ọmọ náà ló gbẹ́ àwọn èèkàn igi tí wọ́n fi kan án, nítorí ìṣó irin kò sí.

Ọdún kejì ni bàbá rẹ̀ padà sí Kentucky, tó sì fẹ́ opó kan tó ní ọmọ mẹ́ta, Sarah Bush Johnston. Nínú àlọ́ tiwa, ẹ mọ irú orúkọ tí ìyàwó bàbá máa ń jẹ́. Obìnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wẹ àwọn ọmọ tó bá nílé, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, kò ya ti inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ olóògbé. Òun alára kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọkùnrin náà fẹ́ràn ìwé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i lọ́wọ́. Màmá ni Lincoln ń pè é títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1861, nígbà tí wọ́n ti dìbò yàn án tó ń múra àtilọ sí Washington, ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà lọ sí abúlé láti dágbére fún obìnrin náà. Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá náà ló sì kẹ́yìn ọmọ.

Bí a bá kó gbogbo ọjọ́ tó fi wà nílé ẹ̀kọ́ jọ, kò tó ọdún kan. Ìwé yíyá ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ fún ọmọ wọn: ó yá ìwé ìtàn ìgbésí ayé George Washington lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, òjò sì pa ìwé náà. Kò lówó tó lè fi san án, ó sì lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó ìwé náà títí iṣẹ́ fi tó iye rẹ̀. Ìwé di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olóko, kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń háyà rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, bàbá ló sì ń gba owó, nítorí òfin fún bàbá láṣẹ lórí owó ọmọ títí ọmọ á fi pé ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dọ́kàn. Pé kí ẹnìkan làágùn kí ẹlòmíràn jẹ ẹ̀, ohun tó padà fi ń ta ko oko ẹrú nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá dìde sọ̀rọ̀. Àárín òun àti bàbá rẹ̀ kò gún mọ́. Nígbà tí bàbá náà ń kú lọ ní 1851, wọ́n ránṣẹ́ sí i, kò lọ. Kò sì sí níbi ìsìnkú. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn lóòótọ́ lásìkò náà, ṣùgbọ́n a kò ní fi ìyẹn gbè é. Bàbá ni bàbá. Ibi tí ìtàn ọkùnrin yìí kò ti dùn mọ́ wa nínú nìyẹn, kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan.

Ní 1828 àti ní 1831, ó bá wọn tu ọkọ̀ pẹrẹsẹ gba odò Mississippi dé New Orleans. Ọjà ẹrú tó tóbi jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, kò sì sí bí àlejò ṣe lè dé ìlú náà kó má rí i. Ní 1841, ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi kan pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú méjìlá tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ra wọn, tí wọ́n ń kó lọ sí Gúúsù. Lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn ìrìn àjò náà wà nílẹ̀ di òní. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nígbà náà ni pé àwọn èèyàn náà ń kọrin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun ìyàlẹ́nu kan lásán. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó tún kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà, tí òun ní ẹrú tirẹ̀, ó ní ìrántí ọjọ́ náà kò yé dá òun lóró. Ọkọ̀ kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni. Ẹni tó ń wò wọ́n ló ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a sáré kọjá àwọn ọdún àárín. Ó kó kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó tẹ̀dó sí New Salem ní Illinois, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà wọlẹ̀. Ẹnìkejì kú, gbogbo gbèsè sì já lé e lórí. Àwọn mìíràn á ti sá kúrò nílùú lóru, ìyẹn sì wọ́pọ̀ nígbà náà. Lincoln dúró, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún san án títí ó fi tán. Ibẹ̀ ni orúkọ olóòótọ́ tí wọ́n ń pè é ti le sí i. Ó ṣe iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ṣe iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀, ó ka ìwé òfin fúnra rẹ̀ láìsí olùkọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò ní 1836. Ó gbé àpótí ìbò ní 1832, ó fìdí rẹmi; ó tún gbé e ní 1834, ó wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Illinois. Ní 1842 ó fẹ́ Mary Todd, ọmọ olówó láti Kentucky tí ilé bàbá rẹ̀ kún fún ẹrú. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló dàgbà di géńdé. Ó lo sáà kan nílé aṣòfin ní Washington, láti 1847 sí 1849, ó ta ko ogun tí Amẹ́ríkà gbé ko Mẹ́síkò, ó sì padà sídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ti tán fún un nídìí òṣèlú.

Ohun tó jí i dìde ni òfin ọdún 1854 tó sọ pé kí àwọn ará ilẹ̀ tuntun Kansas àti Nebraska fúnra wọn dìbò lórí bóyá wọ́n á gba oko ẹrú láyè tàbí wọn kò ní gbà. Stephen Douglas, sẹ́nétọ̀ láti Illinois kan náà, ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ní 1858, àwọn méjèèjì du ipò sẹ́nétọ̀, wọ́n sì jọ jiyàn lẹ́ẹ̀meje ní gbangba káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń dúró nínú oòrùn àti òjò fún wákàtí mẹ́ta láti gbọ́ wọn. Níbẹ̀ ni Lincoln ti sọ pé ìwà burúkú ni ẹrú níní. Níbẹ̀ kan náà ló ti sọ pé òun kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú máa dìbò, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n jókòó nílé ẹjọ́, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n bá aláwọ̀ funfun dọ́gba láwùjọ. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín yóò ka ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ bú u yóò ka ìdajì kejì. Ẹnu kan náà ló ti jáde. Ó fìdí rẹmi nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1860 ni ẹgbẹ́ Republican fà á kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Ohun tó ṣe ìlérí rẹ̀ kò ju pé oko ẹrú kò ní tàn dé ilẹ̀ tuntun. Kò sọ pé òun yóò fọwọ́ kan ẹrú tó ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan kọ lẹ́tà sí i pé ojú rẹ̀ rù jù, kó dá irùngbọ̀n sí. Ọkùnrin náà fèsì, ó sì dá a sí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, ó wọlé pẹ̀lú ìbò tí kò tó ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí àwọn mẹ́rin ló pín ìbò náà. Kó tó gorí àlééfà ní oṣù kẹta ọdún 1861, ìpínlẹ̀ méje ní Gúúsù ti ní àwọn kò ṣe mọ́, wọ́n ti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ni wọ́n yìnbọn lu odi Sumter. Mẹ́rin mìíràn tún bá wọn lọ, wọ́n di mọ́kànlá. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó wọ inú ogun, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nínú ọdún 1860 yẹn kan náà. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Ọlọ́lá kan ní ìlú Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama, Timothy Meaher, lérí pé òun yóò kó wọn wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú òun. Ó rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó àwọn èèyàn náà láti ìlú àti abúlé wọn, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń sọ èdè tí ẹ ń kà yìí. Ní oṣù keje ọdún 1860, ọkọ̀ náà kó bí 110 èèyàn gúnlẹ̀ sí Mobile lóru. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí àṣírí má baà tú; ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù rẹ̀ ni wọ́n rí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ ni wọ́n dìbò yan Lincoln. A ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Ogun náà le. Iye tó kú kò dín ní 620,000, àwọn onímọ̀ kan sì ti ń sọ pé ó tó 750,000. Níbẹ̀rẹ̀, Lincoln kò gbà pé ogun ẹrú ni. Ó ní ogun ìṣọ̀kan ni. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó ní ẹrú ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá fọwọ́ kan ẹrú, wọ́n á lọ. Nígbà tí ọ̀gágun rẹ̀ kan, Frémont, kéde òmìnira fún ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Missouri ní 1861, Lincoln ló pàṣẹ pé kí ó yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú kò dúró dè é. Bí ọmọ ogun Àríwá bá ti sún mọ́ oko kan báyìí, wọ́n á sá wá bá wọn, tọmọ tìyá, tẹrù tẹrù. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ogun náà di ogun òmìnira. Kí a má ṣe gbàgbé ìyẹn láé.

Ní oṣù kejì ọdún 1862, ọmọ rẹ̀ Willie, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kú sínú ilé ìjọba lọ́wọ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ìyàwó rẹ̀ wó lulẹ̀, kò sì tún gbé orí sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ń sunkún, ó ń padà sídìí tábìlì.

Nínú ooru ọdún yẹn ló ti kọ ìkéde òmìnira sílẹ̀, ó sì fi pamọ́, ó ń dúró de ìṣẹ́gun kan kó má baà dà bí igbe ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Lásìkò tó ti kọ ọ́ tán tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn gan-an, ní oṣù kẹjọ, ó pe aláwọ̀ dúdú márùn-ún sí ilé ìjọba, ó sì sọ fún wọn pé ohun tó dára jù ni kí ìran wọn kó kúrò ní Amẹ́ríkà lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àwọn èèyàn tó lé ní 450 lọ sí erékùṣù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haiti. Ebi àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní 1864 ni ọkọ̀ lọ kó àwọn tó kù padà. Ọ̀rọ̀ kíkó èèyàn lọ síbòmíràn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní gbangba mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìjà Antietam, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ló ṣí ọ̀nà fún un. Nínú ọjọ́ kan péré, nǹkan bí 23,000 èèyàn ló kú, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tó sọnù. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kéde pé bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò bá padà kí ọdún tó yí, ẹrú wọn di òmìnira. Wọn kò padà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1863, ó ti bọ àlejò ọdún tuntun lọ́wọ́ láti àárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gbé gègé kalẹ̀, ó sinmi, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìbuwọ́lù náà lẹ́yìnwá ọ̀la kó sọ pé ó ṣe iyè méjì. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ sí i.

Ìkéde náà kò kan àwọn ẹrú tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó dúró tì í. Ibi tí àṣẹ rẹ̀ kò tíì dé gan-an ló sọ pé kí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé láti ọjọ́ náà lọ, ibi gbogbo tí ọmọ ogun Àríwá bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀, òmìnira ń tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀, àti pé ìkéde kan náà ló gbà kí aláwọ̀ dúdú wọ aṣọ ológun. Nǹkan bí 180,000 ló wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Borno kan, Muhammad Ali ibn Said, ẹni tí wọ́n jí gbé ní kékeré láti Kukawa, tí wọ́n mú gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tó sin ọ̀gá ní ilẹ̀ Tọ́kì àti ní Rọ́ṣíà. Ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un tí wọ́n sọ ọ́ ní Nicholas. Ó dé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí òmìnira, ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kárùndínlọ́gọ́ta ti Massachusetts ní 1863, ó di sájẹ́ǹtì. Òmíràn tún wà tí òmìnira kò bá láyé: Omar ibn Said, ọmọ Futa Toro, tó ti kàwé Lárúbáwá dáadáa kí wọ́n tó tà á lọ ní 1807. Ní 1831 ó fi ìkọ̀wé Lárúbáwá kọ ìtàn ara rẹ̀ ní North Carolina, ó sì fi àyọkà láti inú Sùúrátul Mulk bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sùúrà tó ń sọ ẹni tó ni ìjọba. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó kú, ẹrú ló sì kú sí. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé àwọn aṣòfin ní Washington báyìí.

Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wọ ogun rí ẹ̀tọ́ wọn? Dọ́là mẹ́tàlá ni ológun aláwọ̀ funfun ń gbà lóṣù, dúdú ń gba mẹ́wàá, wọ́n á tún yọ mẹ́ta nítorí aṣọ. Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1838 tó sì di ọ̀gá nínú àwọn tó ń jà fún òmìnira, lọ bá Lincoln ní oṣù kẹjọ ọdún 1863, ó sọ ọ́ sí i lójú. Ààrẹ náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ṣùgbọ́n ó ní kó mú sùúrù. Oṣù kẹfà ọdún 1864 ni òfin tó mú owó wọn dọ́gba. Sùúrù yìí ló ń bí Douglass nínú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣí ère Lincoln ní 1876, Douglass dìde níwájú Ààrẹ àti àwọn aṣòfin, ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé Ààrẹ aláwọ̀ funfun ni Lincoln jẹ́ lọ́kàn rẹ̀, pé ọmọ ìyàwó ni àwọn dúdú lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ bíbí inú. Ó ní lójú ẹni tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó lọ́ra, ó tutù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ wò ó, ó yára, kò sì gbẹ̀rọ̀. A kò tíì rí ẹni tó wọ̀n ọ́n dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní 1862, àwọn ọmọ onílẹ̀ Dakota ní Minnesota dìde ogun nítorí ebi àti owó ilẹ̀ wọn tí ìjọba kò san. Àwọn ológun dájọ́ ikú fún 303 nínú wọn. Ẹjọ́ àwọn mìíràn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lincoln gba ìwé ẹjọ́ náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ogun ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kúrò lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n méjìdínlógójì ni wọ́n so rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Mankato. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ nínú ìtàn Amẹ́ríkà, orúkọ Lincoln ló sì wà lábẹ́ àṣẹ náà.

Ní Gettysburg, oṣù kọkànlá ọdún 1863, níbi tí wọ́n ti ń ya ilẹ̀ ìsìnkú sọ́tọ̀ fún àwọn tó kú nínú ìjà ọjọ́ mẹ́ta, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Lincoln dìde, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ti Lincoln ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ́ sórí.

Nígbà tí ọdún ìbò 1864 fi máa dé, ogun ti sú gbogbo ènìyàn. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé kò lè wọlé, àyàfi bó bá jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ òmìnira kó lè bá Gúúsù rẹ́. Òun náà gbà pé òun kò ní wọlé, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì ní kí àwọn mínísítà rẹ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìkà á. Síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ dá àwọn jagunjagun dúdú padà sóko ẹrú lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀. Bí a bá bi àwa léèrè ìgbà tí ọkùnrin yìí tóbi jù, ọjọ́ wọ̀nyẹn ni a ó mú, nígbà tó rò pé òun yóò pàdánù. Ìlú Atlanta ṣubú ní oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ yí padà, ó sì wọlé.

Kò dúró lórí ìkéde ogun nìkan, nítorí ó mọ̀ pé ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e bí ogun bá parí. Ó ti àwọn aṣòfin, ó bẹ̀, ó ṣèlérí ipò fún àwọn kan, títí wọ́n fi dìbò ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọdún 1865, sórí àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin, tó fòpin sí ẹrú níní. Ìbò 119 ló gbà á, 56 kọ̀ ọ́. Òfin náà múlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà, nígbà tí ẹni tó jà fún un ti wà nínú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, ó fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú Richmond, olú-ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Tad àti ẹ̀ṣọ́ díẹ̀. Àwọn dúdú tú jáde, àwọn kan kúnlẹ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n dìde, pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀gágun Lee túúbá. Ọjọ́ kọkànlá, Lincoln bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì sọ ohun tí Ààrẹ kankan kò sọ rí: ó ní òun á fẹ́ kí àwọn dúdú tó mọ̀wé àti àwọn tó jagun máa dìbò. Ẹ rántí ohun tó sọ ní 1858. Òṣèré kan wà láàárín èrò, John Wilkes Booth, ó gbọ́ ọ, ó sì búra pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá, níbi tí Lincoln àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wòran ní ilé eré Ford, Booth wọlé láti ẹ̀yìn, ó yìnbọn lù ú lórí. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé òkú rẹ̀ padà sí Springfield ní Illinois, pósí ọmọ rẹ̀ Willie sì wà nínú ọkọ̀ kan náà.

A ní a ó padà sí Mobile. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin yẹn, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó yìnbọn lu Lincoln, ni ìlú Mobile ṣubú, tí àwọn ọmọ ogun Àríwá sì sọ fún àwọn ará ọkọ̀ Clotilda pé wọ́n ti bọ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ẹrú. Ilé ni wọ́n fẹ́ lọ. Wọn kò rówó ọkọ̀. Wọ́n ní kí Meaher fún wọn nílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló kó wọn wá, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ṣa owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì dá ìlú tiwọn sílẹ̀ tó ń jẹ́ Africatown dòní olónìí.

Ọmọdébìnrin kan wà nínú ọkọ̀ náà, ọmọ bí ọdún méjì, Àbákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ kó, wọ́n sì ya àwọn ọmọ mìíràn kúrò lára ìyá náà. Matilda McCrear ni wọ́n ń pè é nígbà tó dàgbà, ilà sì wà lójú rẹ̀. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Selma, ó ní kí ìjọba wá san owó ìtanràn fún òun nítorí jíjí tí wọ́n jí òun gbé. Wọ́n ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé. Oṣù kìíní ọdún 1940 ló kú, ẹni ìkẹyìn nínú gbogbo àwọn tí ọkọ̀ náà kó wá.